₦50, VAT àti tókìn tó há sójú ọ̀nà: kí ló ń bá owó ilé tí à ń san lórí fóònù l'Ékòó?

Láti ìgbà tí ọdún 2026 ti wọlé ni oríṣi àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta ti ń ti orí WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn l'Ékòó, láti ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé ní Surulere dé ẹgbẹ́ àwọn òbí ọmọ iléèwé ní Ṣómólú. Ọ̀kan ní ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí lórí gbogbo owó tí ènìyàn bá fi ránṣẹ́. Èkejì ní 7.5% ni wọn yóò máa yọ nínú rẹ̀ bíi VAT, owó orí tí à ń san lórí ọjà àti iṣẹ́. Ẹ̀kẹta, tó tàn ká jù, ní kí a máa kọ "ẹ̀bùn" síbi àlàyé tí a bá ń fi owó ránṣẹ́, kí ìjọba má baà rò pé owó iṣẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ náà ká àwọn ènìyàn lára, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ìnáwó ilé tí à ń fi owó ọwọ́ san l'Ékòó kò pọ̀ mọ́. Owó iná, owó DSTV, détà, owó ilé, owó ọkọ̀ ọmọ, owó àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, títí dé owó ata tí a rà l'Ọ́yíngbò, orí fóònù ni gbogbo wọn wà. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ wọ̀nyẹn, irọ́ ibẹ̀ sì pọ̀. Ohun tó ń jẹ owó àwọn ará ilé jù kò sì sí nínú wọn rárá. Ìyẹn ni owó tó ti kúrò ní àkáǹtì wa tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, tí báńkì ní òun ti fi ránṣẹ́, tí ẹni tó ń retí rẹ̀ ní òun kò rí nǹkan kan.

Kí ló yí padà gan-an ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní?

Ẹni tó ń san án ló yí padà. ₦50 náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Òfin ìṣúná ti ọdún 2020 ló gbé e kalẹ̀ lábẹ́ orúkọ Electronic Money Transfer Levy, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí EMTL. Wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lórí owó tó bá tó ₦10,000 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ẹni tí owó wọlé fún ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Àwọn báńkì àtijọ́ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí. OPay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn fi gbà pé ìgbà yẹn ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀.

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026. Òun ló kó ₦50 yìí sábẹ́ owó òǹtẹ̀, tí báńkì ń kọ sínú àkọsílẹ̀ àkáǹtì bíi "stamp duty", tó sì gbé e kúrò lọ́rùn ẹni tó ń gba owó lé ẹni tó ń fi ránṣẹ́ lórí. Owó tí kò bá tó ₦10,000 kò sí lára rẹ̀. Owó oṣù òṣìṣẹ́ kò sí lára rẹ̀. Bí ẹ bá kó owó yín láti àkáǹtì kan sí òmíràn nínú báńkì kan náà, kò kàn yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó o láti báńkì kan lọ sí àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn, wọn yóò yọ ₦50, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni àkáǹtì méjèèjì.

Ìyípadà náà dà bí ohun kékeré, àmọ́ ó ti dé ọjà. Ní Balógun àti Òkè-Àrìn, ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ oníṣòwò lára láti sọ fún oníbàárà pé kó fi fífítì náírà kún owó ọjà tó bá ti tó ₦10,000, nítorí pé ọwọ́ tiwọn ni báńkì ti ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Láti oṣù Kìíní, báńkì ti ń yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń rajà. Oníṣòwò tó bá ṣì ń bèèrè fífítì náírà yẹn ń gba ohun tí ẹnikẹ́ni kò yọ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, oníbàárà sì ń san án lẹ́ẹ̀mejì. Bákan náà ló rí fún lánlọ́ọ̀dù tó ń sọ fún ayálégbé pé kó "fi owó alẹ́ẹ̀tì" kún owó ilé.

VAT ńkọ́? Ṣé 7.5% ni wọ́n ń yọ nínú owó tí mo fi ránṣẹ́?

Rárá. Orí owó iṣẹ́ tí báńkì gbà ni VAT wà, kò sí lórí owó tí ẹ fi ránṣẹ́. Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2020 ní kí báńkì má gbà ju ₦10 lọ bí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ kò bá ju ₦5,000 lọ, ₦25 bí ó bá wà láàárín ₦5,001 àti ₦50,000, àti ₦50 bí ó bá ju ₦50,000 lọ. 7.5% orí ₦25 kò pé náírà méjì. Ẹ wo àkọsílẹ̀ àkáǹtì yín ti ọdún 2023 tàbí 2024, ẹ ó rí ₦10.75, ₦26.88 àti ₦53.75 káàkiri inú rẹ̀. Kọ́bọ̀ tó wà nídìí wọn yẹn, VAT ni. Ó ti pẹ́ tí à ń san án.

Ohun tó dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀ ni pé ní àárín oṣù Kìíní ọdún 2026, ilé-iṣẹ́ ìsanwó kan kọ̀wé sí àwọn oníbàárà rẹ̀ pé láti ọjọ́ 19 oṣù náà, òun yóò máa gba VAT lórí owó iṣẹ́ òun. Àwọn ènìyàn rí "VAT" àti "tíráńsífà" nínú ìwé kan náà, ọ̀rọ̀ sì di ariwo. NRS, àjọ agbowó-orí tó rọ́pò FIRS, jáde sọ pé òfin tuntun kò dá VAT sílẹ̀ lórí iṣẹ́ báńkì, pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ìyá kan l'Ébùúté Mẹ́ta fẹ́ fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí iléèwé ọmọ rẹ̀ tó ń lo báńkì mìíràn. Owó iṣẹ́ báńkì jẹ́ ₦25, VAT orí rẹ̀ jẹ́ ₦1.88, owó òǹtẹ̀ jẹ́ ₦50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦76.88. Àwọn kan ti ń gba irú ìyá bẹ́ẹ̀ nímọ̀ràn pé kó pín in sí ₦9,500, ₦9,500 àti ₦1,000 kó lè bọ́ lọ́wọ́ ₦50. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, báńkì yóò gba ₦26.88 lẹ́ẹ̀mejì àti ₦10.75 lẹ́ẹ̀kan, èyí tó jẹ́ ₦64.51. Ohun tó rí fi pamọ́ kò ju náírà méjìlá àti kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ, ó sì ti sọ ewu pé owó lè há sójú ọ̀nà di mẹ́ta. Lórí áàpù tí kò gba owó iṣẹ́, ₦50 náà ni yóò rí gbà padà lódindi, nítorí náà ìdáhùn kò rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn.

Ṣé òótọ́ ni pé ohun tí mo bá kọ síbi àlàyé lè sọ mí di ẹni tó ń san owó orí?

Taiwo Oyèdélé, ẹni tó darí ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ lórí àtúnṣe owó orí, ti sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí ẹni tí yóò wọ inú àkáǹtì ènìyàn lọ yọ owó orí nítorí pé owó wọlé síbẹ̀. Orí èrè àti owó iṣẹ́ ni owó orí wà, òfin tuntun sì fi ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí lọ́dún sí ìdá òdo. Owó oúnjẹ tí ọkọ fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ kì í di owó iṣẹ́ nítorí pé ó kọ "owó oúnjẹ" sí i.

Ìmọ̀ràn pé kí a kọ "ẹ̀bùn" sí gbogbo nǹkan lè ṣe ìpalára fún ẹni tó bá tẹ̀lé e. Ayálégbé tó fi ₦400,000 ránṣẹ́ tó sì kọ "ẹ̀bùn" sí i ti ba ẹ̀rí ara rẹ̀ jẹ́. Bí lánlọ́ọ̀dù bá sẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé òun kò gba owó ilé, àkọsílẹ̀ báńkì ni yóò sọ ta ló jàre. "Owó ilé, January sí December 2026, yàrá méjì, Adéníji Adélé" ni irú àlàyé tó lè gba ènìyàn sílẹ̀. Bákan náà ni owó iléèwé, owó ẹgbẹ́, àti owó àjọ tí a ń san fún alájọ.

Báwo ni gbogbo owó ilé ṣe di ti orí fóònù l'Ékòó?

Èkó gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Oṣù Kìíní ọdún 2012 ni CBN gbé ètò tí wọ́n pè ní Cash-less Lagos jáde, kí wọ́n tó mú un lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ọdún kan ṣáájú ni NIBSS, ilé-iṣẹ́ tí CBN àti àwọn báńkì jọ ni, ti gbé ẹ̀rọ NIP kalẹ̀, tó ń gbé owó láti báńkì kan dé òmíràn lójú ẹsẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, ìwé sọ̀wédowó ni, ènìyàn yóò sì dúró fún ọjọ́ mélòó kan. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí gbogbo báńkì fi ń mọ oníbàárà kan, tẹ̀lé e ní oṣù Kejì ọdún 2014.

Síbẹ̀, ohun tó ti ọ̀pọ̀ ilé sórí fóònù ni ọ̀wọ́n owó náírà ti ọdún 2023. CBN ní kí ₦200, ₦500 àti ₦1,000 àtijọ́ kúrò nílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì, owó tuntun kò sì tó ká. Àwọn ènìyàn ń tò níwájú ATM láti ìdájí. Àwọn oní-POS ń gba ₦200, níbòmíràn ₦300, kí wọ́n tó fún ènìyàn ní ₦1,000. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́ títí di òpin ọdún náà. Kí ìdájọ́ yẹn tó dé, alákàrà, mẹkáníìkì àti oníkẹ̀kẹ́ ti kọ nọ́ńbà àkáǹtì wọn sára pátákó. Owó padà dé, wọn kò pa nọ́ńbà náà rẹ́.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ẹni tó bá rántí bí a ṣe ń gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ kí a lè lọ tò ní ọ́fíìsì NEPA láti san owó iná yóò mọ ohun tó jẹ́ láti ra tókìn ní aago mọ́kànlá òru lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island lè san owó iná ìyá rẹ̀ ní Agége kó tó kúrò ní ọ́fíìsì. Ìyàwó àti ọkọ lè rí iye tó wọlé àti iye tó jáde láìsí àríyànjiyàn pé ta ló na kí ni.

Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ hàn ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Àwọn ẹ̀ka báńkì kan l'Ékòó ti ilẹ̀kùn wọn, áàpù kò ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni àwọn báńkì ńlá mélòó kan pààrọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò owó oníbàárà wọn, wàhálà ọjọ́ wọ̀nyẹn kò sì tíì kúrò lọ́kàn àwọn tó ń gba owó oṣù wọn sí àkáǹtì níbẹ̀. Àkáǹtì ń fi òdo hàn, owó kò ṣe é fi ránṣẹ́. Ẹni tí gbogbo owó ilé rẹ̀ wà nínú áàpù kan ṣoṣo kò ní ohun tó lè fi ra búrẹ́dì lọ́jọ́ náà.

Owó iná: kí ló dé tí wọ́n á yọ owó tí tókìn ò ní wọlé?

Ibí ni ẹjọ́ pọ̀ sí jù, nítorí náà ó yẹ ká tú u wò. Nígbà tí ẹ bá tẹ ₦10,000 fún iná lórí áàpù báńkì, kì í ṣe báńkì ló ń ṣe tókìn. Báńkì yóò kọ́kọ́ yọ owó. Yóò fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ alágbàtà tó so áàpù náà pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ iná. Alágbàtà yóò kàn sí sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá ilé-iṣẹ́ iná. Ilé-iṣẹ́ yìí ni Eko Electricity fún Lagos Island, Lekki, Apapa, Mushin àti Festac. Fún Ikeja, Oṣòdì, Ṣómólú, Ìkòròdú àti Abúlé-Ẹ̀gbà, Ikeja Electric ni. Sáfà yẹn ló ń ṣe nọ́ńbà 20 tí ẹ ó tẹ̀ sí mítà, nọ́ńbà náà yóò sì gba ọ̀nà kan náà padà. Bí ẹnì kan nínú wọn bá sùn lọ, owó ti kúrò lọ́dọ̀ yín, tókìn kò sì dé. Báńkì yóò ní àwọn ti sanwó, ilé-iṣẹ́ iná yóò ní àwọn kò rí owó, àwọn méjèèjì sì lè máa sọ òótọ́. Ọwọ́ alágbàtà, tí orúkọ rẹ̀ kò hàn sí yín níbì kankan, ni owó náà wà.

Nígbà mìíràn, tókìn yóò dé, mítà yóò sì kọ̀ ọ́. Púpọ̀ nínú èyí bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1993 ni ìlànà tí ọ̀pọ̀ mítà olówó-ṣáájú lágbàáyé ń lò ti ń ka ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, iye tó lè kà kò ju 16,777,216 lọ, ọjọ́ yẹn ló sì kún. Mítà tí wọn kò tún ṣe kò lè mọ tókìn tuntun. Ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe ni nọ́ńbà gígùn méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ òǹkà 20, tí wọ́n ń pè ní KCT, tí onílé yóò tẹ̀ sí mítà kó tó tẹ tókìn gan-an. Àwọn tó ń lo áàpù rí nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tẹ èyí tó wù wọ́n, ó sì kọ̀. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé fún ìgbà pípẹ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yáni, lè wà nínú ìṣòro yìí títí di òní.

Ẹ̀sùn kẹta ni pé áàpù "jẹ" nínú owó. Lọ́pọ̀ ìgbà, iye iná ló ga. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ tó ń bójú tó iná mànàmáná ní Nàìjíríà, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́, láti ₦68 lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan, kí ó tó wá sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ mú ₦10,000. VAT 7.5% ti wà nínú rẹ̀, nítorí náà ₦9,302.33 ló kù fún iná. Bí yúnìtì kan bá jẹ́ ₦209.50, yúnìtì 44.4 ni ẹ ó rí. Bí ẹni tó gbé ilé náà kọjá bá jẹ gbèsè, ilé-iṣẹ́ iná lè máa gé e díẹ̀díẹ̀ lára owó tí ẹ fi ra tókìn. Áàpù kò sábà kọ èyí jáde, àyàfi kí ẹ ṣí ìwé ẹ̀rí ìsanwó lódindi.

Láti ọdún 2025, ẹjọ́ iná l'Ékòó kò sí lọ́dọ̀ NERC mọ́. Òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ láǹfààní láti máa bójú tó iná tirẹ̀, LASERC, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó, sì ti gba iṣẹ́ náà. Bí ilé-iṣẹ́ iná kò bá dá yín lóhùn, ibẹ̀ ni ẹ ó mú ẹjọ́ lọ.

Báńkì, ilé-iṣẹ́ fóònù àti oníbàárà: kí ni oníkálukú ń sọ?

Orí USSD ni ìjà wọn ti le jù. Kóòdù tí ènìyàn ń tẹ̀ láìlo détà ni ọ̀pọ̀ ìyá àgbà àti ẹni tó ń lo fóònù kékeré fi ń sanwó. Ilé-iṣẹ́ fóònù ní àwọn ló ń gbé ẹrù náà, àti pé gbèsè tó lé ní ₦200 bílíọ̀nù ni báńkì jẹ àwọn lórí rẹ̀. Báńkì ní iye tí wọ́n sọ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpinnu tí wọ́n dé nígbẹ̀yìn ni pé láti oṣù Kẹfà ọdún 2025, ₦6.98 tí wọ́n ń gbà fún ìgbà kọ̀ọ̀kan kò ní jáde láti àkáǹtì mọ́. Wọ́n ń yọ ọ́ nínú kírédíìtì fóònù oníbàárà, lẹ́yìn tí ó bá ti fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò ní kírédíìtì lórí fóònù kò lè tẹ kóòdù, bó tilẹ̀ ní mílíọ̀nù kan ní báńkì. Àwọn onílé-iṣẹ́ fóònù ní báyìí ni ó ṣe tọ́, torí pé ẹni tó lo ọ̀nà ló ń sanwó rẹ̀. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà ní ẹni tó tálákà jù ni wọ́n di ẹrù náà lé lórí. Ẹ̀yin tó ń lo áàpù náà kò bọ́, nítorí ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ni NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, gbà kí owó détà àti owó ìpè lọ sókè dé 50%.

Àwọn oníṣòwò ní ẹ̀rù tiwọn, ìyẹn alẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí oníbàárà dúró títí owó yóò fi hàn nínú àkáǹtì wọn, tí ẹni tó ti sanwó ní tòótọ́ á sì máa lérò pé wọ́n fojú olè wo òun. Ẹni tó dúró kò ṣẹ̀, ẹni tó ní kó dúró náà kò ṣẹ̀.

Bí owó bá há, ọjọ́ mélòó ni mo gbọ́dọ̀ dúró?

CBN ti fi gbèdéke lélẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún 2020. Bí ATM báńkì yín bá yọ owó tí kò sì pọ̀ ọ́ jáde, ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kí ó padà, bí kò bá padà fúnra rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 24 lọ. Bó bá jẹ́ ATM báńkì mìíràn, wákàtí 48. Bó bá jẹ́ lórí POS tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí 72.

Fún owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí báńkì mìíràn, ohun tí ẹ ó bèèrè lọ́wọ́ báńkì yín ni session ID, nọ́ńbà gígùn tó jẹ́ 30 tí NIBSS fi ń mọ owó kọ̀ọ̀kan. Ó sábà máa ń wà nínú ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Báńkì tó yẹ kí owó dé sí yóò fi wá a, kì í ṣe àwòrán alẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ṣe sanwó lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ tó mọ ibi tí àkọ́kọ́ wà bí ọ̀rọ̀ náà bá lè dúró. Bí báńkì kò bá yanjú ẹ̀sùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo oníbàárà.

Owó tí ẹ ṣi fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà ẹlòmíràn yàtọ̀. Owó náà ti dé, báńkì kò sì lè ṣàdédé fà á yọ láìsí àṣẹ ẹni tó ni àkáǹtì tàbí ti ilé-ẹjọ́. Ẹ tètè sọ fún báńkì kí ẹni náà tó ná an. Orúkọ tó ń jáde lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ nọ́ńbà mẹ́wàá yẹn ni ààbò tó wà, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ kà á.

Bí ilé-iṣẹ́ tí owó mi wà bá kógbá sílé ńkọ́?

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024, CBN gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank. NDIC, àjọ tó ń ṣe ìdáàbòbò owó inú báńkì, ló san owó àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀, wọ́n sì fi BVN wá àkáǹtì wọn ní báńkì mìíràn, ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ gbà á pé. Oṣù tó ṣáájú ni NDIC ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìdáàbòbò náà sókè sí ₦5 mílíọ̀nù fún báńkì ńlá àti fún àwọn tó ń lo mobile money, àti ₦2 mílíọ̀nù fún báńkì microfinance. Àwọn áàpù tí à ń lò kò jọ ní ìwé-àṣẹ kan náà. Ẹni tó ń kó owó ilé ọdún kan jọ sínú ọ̀kan nínú wọn, kó kọ́kọ́ wo irú ìwé-àṣẹ tó ní.

Kí ló ń bọ̀ fún àwọn tó gbára lé oní-POS?

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Mushin, Agége àti Ìdúmọ̀tà, ọ̀dọ̀ oní-POS ni ìyá àgbà ti ń ra tókìn tó sì ń san GOtv. Ọ̀pọ̀ ló ń fi káàdì àti PIN lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó lọ bá wọn ṣe é, èyí tí àwọn gbájúẹ̀ mọ̀ dáadáa.

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2024, CBN ti ní kí oní-POS má ṣe san ju ₦100,000 lọ fún oníbàárà kan lóòjọ́, kí gbogbo owó tó san lóòjọ́ má sì ju ₦1.2 mílíọ̀nù lọ. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tún lọ síwájú: láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2026, oní-POS kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún ju ilé-iṣẹ́ ìsanwó kan lọ. CBN ní ìyẹn ni yóò jẹ́ kí wọ́n lè tọpa jìbìtì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é. Àwọn oní-POS ní ìdí tí àwọn fi ní ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta lórí tábìlì ni pé bí ọ̀kan bá dákẹ́, àwọn á fa èkejì. Bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá kù lórí tábìlì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ sì lọ ní alẹ́ Sátidé, oníbàárà tí mítà rẹ̀ ti ń han yóò ní láti wá tábìlì mìíràn tó ń lo ilé-iṣẹ́ mìíràn. Nítorí náà, ó dára kí ará ilé ti mọ̀ ṣáájú ilé-iṣẹ́ tí oní-POS kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò wọn bá dúró sí.